"Yọ̀" mẹ́fà lójú ewé kan: báwo lẹ ṣe ń ya "slip", "slide", "skid" àti "glide" sọ́tọ̀?

Atúmọ̀Kékeré

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìtàn kúkurú kan ni mò ń túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ojú ewé kan ṣoṣo nínú rẹ̀ sì ti fẹ́ da orí mi rú. Òjò ń rọ̀, ọkùnrin kan ń wa mọ́tò lọ lálẹ́. Ó tẹ bíréèkì, mọ́tò "skidded". Ó sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ "slipped" nínú ẹrẹ̀, ó sì "slid" dé ìsàlẹ̀ kòtò. Ejò kan "slithered" wọ inú koríko. Òwìwí kan "glided" kọjá lókè orí rẹ̀. Nígbà tí yóò fi gòkè padà, obìnrin tó jókòó sẹ́yìn mọ́tò ti "slipped out".

Mo kọ "yọ̀" sí gbogbo ẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi. Mọ́tò yọ̀, ẹsẹ̀ yọ̀, ọkùnrin yọ̀ dé ìsàlẹ̀, ejò yọ̀ wọ koríko, òwìwí yọ̀ kọjá, obìnrin yọ̀ jáde. Olóòtú dá a padà fún mi, ó fi bírò pupa yí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà po, ó wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé: "Ta ló da òróró sílé ayé?"

Ìwé atúmọ̀ èdè tó wà lọ́wọ́ mi ò ràn mí lọ́wọ́. "Slip", yọ̀. "Slide", yọ̀. Ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ya àwọn ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ kó là mí lọ́yẹ̀.

OlùkọGírámà

Àbúrò, olóòtú yín mọ̀ ọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ẹ̀bi yín kọ́ tán, torí pé "yọ̀" gan-an ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń wá sẹ́nu.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé kí wọ́n bi ara wọn ní ìbéèrè kan: ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, àbí ó bá a lójijì? "Slip" máa ń báni lójijì. Ó kúrú, ìṣẹ́jú àáyá kan ò tó o, ó sì ti ṣẹlẹ̀ kí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí tó mọ̀. "Slide" ní tirẹ̀ gùn. Nǹkan méjì fara kanra, ọ̀kan ń gba orí èkejì lọ, wọn ò sì ya ara. Ènìyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ "slide": ọmọdé tó gun òkè nǹkan ìṣeré tó sì fìdí wọ́ wá sílẹ̀, ẹni tó ti dúrọ́ọ̀ tábìlì padà sáyè rẹ̀, ẹni tó gbá ìwé kan lórí tábìlì kó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀.

Ẹ wo gbólóhùn yín fúnra rẹ̀: "he slipped and slid." Ẹsẹ̀ ló "slip". Odindi ara ló "slide". Èkíní ló bí èkejì.

Bọ́ọ̀lùLayé

Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n fi bọ́ọ̀lù gbè yín lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2014, Liverpool gba Chelsea lálejò ní Anfield. Ìlàjì àkọ́kọ́ ti fẹ́ parí, wọ́n ti bọ́ọ̀lù sí Steven Gerrard, balógun Liverpool, kò gbà á dáadáa, ó fẹ́ yíra padà lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Demba Ba ti Chelsea gbé e sá lọ, ó gbá a wọlé. 2–0 ló parí sí. Láti ọjọ́ náà, "the slip" ni gbogbo ayé ń pè é. Mi ò tíì gbọ́ ẹni tó pè é ní "Gerrard's slide" rí.

Ṣùgbọ́n ní pápá kan náà, ẹni tó bá gbá góòlù wọlé tó wá fi orúnkún wọ́ lọ sí igun pápá, "knee slide" ni. Ẹni tó fi ẹ̀gbẹ́ ara wọ́ lórí koríko láti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹlòmíì, "sliding tackle". Tí ẹ bá pè é ní "slipping tackle", ẹ ti sọ pé agbábọ́ọ̀lù ọ̀hún kàn ṣubú lu ọmọ ọlọ́mọ ni o.

AwakọÀgbà

Ẹ bá wa sọ̀rọ̀ "skid" o, ibẹ̀ ni tèmi wà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò rò rí nìyí: taya tó ń yí kì í yọ̀ rárá. Ibi tó fẹnu kan ilẹ̀ dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú bíńtín yẹn, ó tẹ ilẹ̀, ó gbé ara kúrò, ibòmíì wá tẹ̀ ẹ́. Bí ẹsẹ̀ tó ń rìn ló ṣe rí. Ọjọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì débi tí taya gan, tí kò yí mọ́, tí mọ́tò sì ń lọ síbẹ̀, ojú kan náà lára taya ló ń ha ilẹ̀ lọ. Ìyẹn ni "skid". Ẹ máa gbọ́ ariwo rẹ̀, ẹ máa rí ìlà dúdú rẹ̀ lójú títì lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe ABS: ó ń tú bíréèkì sílẹ̀, ó tún ń dì í mú, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí taya má baà gan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìtàn ọ̀rọ̀, "skid" ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ohun tó ń yọ̀. Igi ni tẹ́lẹ̀. Láyé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, wọ́n máa ń ki igi tàbí irin kan bọ abẹ́ àgbá kẹ̀kẹ́ tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, kí àgbá má lè yí, kó máa wọ́ nílẹ̀, kí eré rẹ̀ dín. Igi yẹn ló ń jẹ́ "skid". Ohun tí wọ́n fi ń dá kẹ̀kẹ́ dúró ló wá di orúkọ mọ́tò tó kọ̀ tí ò dúró!

Ẹ má sì pe gbogbo mọ́tò tó ń lọ fúnra rẹ̀ ní "slide" o. Tí ẹ bá bọ́ ọ sí fríì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń rọra lọ, taya ṣì ń yí. "Coast" nìyẹn. Tó bá jẹ́ omi ló pọ̀ lójú títì débi tí taya gun orí omi tí kò kan ọ̀dà mọ́, "aquaplane" ni lẹ́nu àwọn ará Bìrìtìkó, "hydroplane" lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìyẹn burú ju "skid" lọ, torí ẹ ò ní gbọ́ ariwo kankan. Ṣe ni sítíárìn kàn máa fúyẹ́ lọ́wọ́ yín.

Alátakò

Ẹ dúró ná. Ìdánwò "mọ̀ọ́mọ̀ àbí lójijì" tí Olùkọ́ gbé kalẹ̀ yìí ò dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Obìnrin inú ìtàn yẹn ńkọ́? "She slipped out." Ṣé àṣìṣe ló fi jáde ni? Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni! Ẹni tó "slipped a note" sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lápò ńkọ́? Ó mọ̀ọ́mọ̀. Ẹni tó "slipped into" aṣọ àlẹ́ rẹ̀? Kò sí jàǹbá kankan níbẹ̀.

Tí ẹ bá sì ní ọ̀tọ̀ ni "slip" tẹsẹ̀, ọ̀tọ̀ ni tobìnrin, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó so wọ́n pọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń fi ọ̀rọ̀ kan pè wọ́n.

OlùkọGírámà

Alátakò, ẹ mú mi níbẹ̀. Mo gbà.

Mo ronú sí i. Ó dà bíi pé ìdìmú ni gbogbo ẹ̀. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí "slip", ohun kan wà tó yẹ kó di nǹkan mú, tí nǹkan ọ̀hún sì bọ́. Ilẹ̀ ló yẹ kó di ẹsẹ̀ mú. Ọwọ́ ló yẹ kó di ọṣẹ mú. Iyè inú ló yẹ kó di orúkọ ènìyàn mú, ìyẹn ni "it slipped my mind". Ọgbọ́n ló yẹ kó di ahọ́n mú, òun ni "slip of the tongue". Ti obìnrin yẹn, ojú ló yẹ kó dì í mú: ojú ọkùnrin, ojú àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Ó bọ́ lójú wọn. Yálà ó mọ̀ọ́mọ̀ ni o, yálà kò mọ̀ọ́mọ̀, ó ti bọ́.

"Slide" ò ní ìtumọ̀ bíbọ́ yẹn nínú. Ẹnikẹ́ni ò di nǹkan kan mú. Ó kàn ń lọ ni, ara rẹ̀ lára ilẹ̀.

Atọ́kaÀmì

Ẹ wo nǹkan tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ Olùkọ́! Yorùbá ti ya "slip" yẹn sí mẹ́ta tipẹ́, a kàn ò fura ni.

Ẹsẹ̀ mi yọ̀: ilẹ̀ ò dì í mú.
Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ mi: ọwọ́ ò dì í mú.
Mo yọ́ jáde: ojú ò dì mí mú.

Ẹ ò rí i pé àmì ohùn lásán ló wà láàárín "yọ̀" àti "yọ́"? Fi ohùn sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ lọ láìrò. Gbé ohùn sókè, ìwọ fúnra rẹ lò ń fi ọgbọ́n lọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Atúmọ̀Kékeré, nígbà tẹ́ ẹ kọ "obìnrin yọ̀ jáde", ṣe lẹ jù ú sínú ẹrẹ̀. Àmì kan péré ló yẹ kẹ́ ẹ yí padà.

Ti iyè inú àti ti ahọ́n, a ò tiẹ̀ nílò yíyọ̀ níbẹ̀. "Ó fò mí", "ẹnu mi ṣì í sọ". Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ "ó yọ̀ kúrò lọ́kàn mi" o, ẹ jọ̀wọ́. Mo ti rí i nínú ìwé ìpolówó kan, ara mi bù máṣọ.

Atúmọ̀Kékeré

Háà! Mo ti kọ "ó yọ̀ kúrò lọ́kàn rẹ̀" sí ojú ewé 9. Ẹ má wo ibẹ̀.

Ọmọ_Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ "slide into my DM" (kí ènìyàn fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ síni lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tí wọn kì í sọ "slip into my DM"? Torí ẹni tó "slide" wọlé, gbangba ló ń bọ̀, ó ti bu lọ́fíńdà sára, ojú ò tì í. 😂

OlùkọGírámà

@Ọmọ_Íntánẹ́ẹ̀tì ẹ ti gba máàkì kíkún.

AyẹÌtànWò

Ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu kan "sl-" yẹn. Ẹ kà wọ́n sókè: slip, slide, slither, slime, slick, slush, slug, sludge. Ó ń yọ̀ lẹ́nu kó tó yọ̀ nílẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ará Bìrìtìkó kan wà, J. R. Firth, òun ló sọ irú ìró bẹ́ẹ̀ ní "phonaestheme" lọ́dún 1930, ìró tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ àmọ́ tó ń gbé òórùn ìtumọ̀ kan kiri láti ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀. Àwa tó ní jọ̀lọ̀, kọ́bọkọ̀bọ, wúruwùru lédè wa, kò yẹ kí ìyẹn ṣe wá ní kàyééfì.

Nínú àwọn "sl-" yìí, "slide" ti wà láti ayé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ọmọ rẹ̀ ni "slither": ṣe ni wọ́n mú "slide" kí wọ́n tó fi ìparí tó ń sọ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ léraléra kún un. Torí náà, "slither" jẹ́ "slide" lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo ejò tó bá ń lọ: ara rẹ̀ ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń tẹ̀ sósì.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni "skate". Ọ̀dọ̀ àwọn ará Netherlands ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a. "Schaats" ni wọ́n ń pè é, ẹyọ kan sì ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ "s" ní ìparí rẹ̀, wọ́n rò pé méjì ni, wọ́n gé "s" kúrò, ó di "skate". Ọ̀rọ̀ tó pé pérépéré ni wọ́n bu lẹ́sẹ̀ jẹ.

Alátakò

"Sleep" ńkọ́? "Slave"? "Slate"? Ṣé àwọn náà ń yọ̀ ni?

AyẹÌtànWò

Rárá o. Mi ò sọ pé òfin ni. Òórùn ni mo pè é, òórùn kì í wà nínú gbogbo yàrá.

ẸyẹLókè

Ẹ jẹ́ ká sọ ti òwìwí, torí mo ṣàkíyèsí pé gbogbo yín sá fún un.

"Glide" ò sí nínú ẹbí "slip" rárá. Kò sí ẹrẹ̀ níbẹ̀, kò sí jàǹbá, kò sí ìdìmú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àìṣe làálàá: nǹkan ń lọ, ẹ ò rí ohun tó ń tì í. Ẹyẹ tó na ìyẹ́ tí kò lù ú ń "glide". Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ láìsí ìgbì ń "glide". Ọkọ̀ òfurufú tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú ń "glide". Lóṣù Keje ọdún 1983, epo tán nínú Boeing 767 kan ní Kánádà nígbà tó wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 41,000 sókè. Wọ́n ti ṣírò epo náà ní páùn dípò kílógíráàmù. Àwọn awakọ̀ rẹ̀ rọra gbé e sọ̀ kalẹ̀ láìsí ẹ́ńjìnnì, ní pápá ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ kan ní Gimli, kò sì sẹ́ni tó kú. Títí dòní, "Gimli Glider" ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà.

Lójú tèmi, ẹ má lo "rà bàbà" fún òwìwí yẹn bó tilẹ̀ wù yín. Àṣá tó ń rà bàbà ń yí po sójú kan ni, ó ń wá ohun tó máa gbé. Ti inú ìtàn yín ń kọjá lọ. Àwọn ìyẹ́ iwájú òwìwí sì ní eyín wẹ́wẹ́ bíi ti òòyà tó ń fọ́ afẹ́fẹ́ sí wẹ́wẹ́, òun ni kì í jẹ́ kí ìró rẹ̀ jáde. Torí náà, ìdákẹ́jẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé wọ inú Yorùbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó na ìyẹ́, kó kọjá, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́.

OlùkọGírámà

Kí n tó gbàgbé, nítorí àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn: ọ̀rọ̀ àná "slide" ni "slid". Kì í ṣe "slided". Ó jọ "hide, hid", àmọ́ "hidden" wà, "slidden" ti di ohun àtijọ́, ẹ má lò ó. "Glide" tẹ́lẹ̀ náà máa ń yí inú padà bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di "glided" báyìí. "Slip" àti "skid" máa ń ṣe lẹ́tà ìparí wọn ní ìlọ́po méjì: slipped, skidded.

OnímọÈdè_Díẹ̀

Ohun kan tó wà nísàlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: onímọ̀ èdè kan, Leonard Talmy, ti ṣàlàyé pé àwọn èdè bíi Gẹ̀ẹ́sì máa ń di *bí* nǹkan ṣe ń lọ sínú ọ̀rọ̀-ìṣe, wọ́n á wá fi ọ̀rọ̀ kékeré bí "out", "down", "off" sọ *ibi* tó gbà. Àwa kì í di ẹrù wa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tàbí mẹ́ta la máa ń tò tẹ̀lé ara: ó yọ̀ ṣubú, ó wọ́ lọ, ó yọ́ wọlé. Onímọ̀ mìíràn, Dan Slobin, tiẹ̀ ya irú àwọn èdè tó ń to ọ̀rọ̀-ìṣe báyìí sọ́tọ̀, ó ní ẹgbẹ́ tiwọn ni wọ́n wà.

Torí náà, Atúmọ̀Kékeré, ẹ má wá ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀rọ̀ kan. Ẹ to méjì.

Ọmọ_Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè ìparí mi. "Slippery" àti "slick"?

AwakọÀgbà

"Slippery", ó ń yọ̀. "Slick", ó ń dán, ó jọ̀lọ̀, ó sì lè yọ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí: taya tí kò ní ilà kankan lára, tó dán bọ̀rọ́, "slick" ni àwọn eléré ìje mọ́tò ń pè é. Lójú ọ̀nà gbígbẹ, òun ló di ilẹ̀ mú jù, torí gbogbo ojú rẹ̀ ló kan ọ̀dà. Formula 1 gbà á kúrò lọ́wọ́ wọn láti 1998 títí di 2008, wọ́n fún wọn ní taya onílà kí eré lè dín, wọ́n dá "slick" padà ní 2009. Kí òjò kán báyìí ṣá, ó di ọ̀ràn.

Ènìyàn tó bá jẹ́ "slippery", ẹ má pè é ní ẹni tó ń yọ̀, wọ́n á rò pé inú rẹ̀ ń dùn. Ẹ ní kò ṣeé dì mú.

Atúmọ̀Kékeré

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo tún un kọ lálẹ́ àná. Ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́ sí olóòtú:

*Ó tẹ bíréèkì. Taya gan, kò yí mọ́, mọ́tò sì ń ha ilẹ̀ lọ, ìdí rẹ̀ ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó fìdí lélẹ̀, ó sì ń fìdí wọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nísàlẹ̀ kòtò. Ejò kan tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ sósì, ó fàyà wọ́ wọ inú koríko. Òwìwí na ìyẹ́, ó gba òkè orí rẹ̀ kọjá, ọkùnrin náà ò gbọ́ kíní kan. Nígbà tí yóò fi gòkè padà, obìnrin ẹ̀yìn mọ́tò ti yọ́ jáde.*

"Yọ̀" kan, "yọ́" kan.

Atọ́kaÀmì

Àmì yín pé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

AwakọÀgbà

Ó dára, àmọ́ kí n béèrè: taya wo ló gan? Tó bá jẹ́ tiwájú, mọ́tò ò ní fì, tààrà ni yóò máa lọ, bó ti wù kó yí sítíárìn tó. Taya ẹ̀yìn ló ń mú ìdí fì.

Atúmọ̀Kékeré

Taya ẹ̀yìn ni, ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀.